Wáyà Ọlọ́rọ̀ Márùn-ún

Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ikú ọkọ̀ Alárìnká, ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni, ní etí omi Ṣárjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dùbáì. Oòrùn ti mú irin gbóná débi pé ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ lásán kan ara ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tó ti ṣọ́ òkun nígbà ogun Hítílà, tó ti lé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì láti Fìrítáùn dé Èkó, wá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ onípákó tí ń kó firíìjì àti táyà lọ sí Íráànì. Kò lè fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ rìn mọ́. Wọ́n ti tà á fún àwọn tí ń gé ọkọ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní Pakísítánì, tọ́ọ̀gì kan, ọkọ̀ kékeré tí ń fa ọkọ̀ ńlá, yóò sì wá fà á lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tí ìwé náà wí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí jẹnẹrétọ̀ orí rẹ̀ ni Alhaja Kàfáyàt Ògúnjọbí ṣe wọ Ṣárjà lọ́jọ́ náà. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó sì ti ń ná ọjà láàárín Èkó àti Dùbáì fún ọdún mẹ́fà. Hor Al Anz, ní ìhà Déírà ní Dùbáì, ló ń sùn sí, ní bedspace, yàrá kan tí òun àti obìnrin mẹ́ta jọ gbà. Ọjà Náífù ló ti ń ra aṣọ, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará Èkó ń jà sí, nítorí iná ọba tí kì í dúró. Ó wọ bùbá léèsì tó ti ṣá, ó fi ìborùn dúdú bo orí dé èjìká bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣe, ó sì ti bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀ sínú àpò kó má baà há sáàárín irin.

Ọmọ Índíà tó ń bójú tó ọkọ̀ náà ní kó gòkè lọ bá bàbá dúdú kan tó ń ṣọ́ ọ. Ó ní bàbá náà ti wà nínú ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó bí òun. Kàfáyàt rò pé àwàdà oníṣòwò ni.

Bàbá náà jókòó lórí àpótí, ó ń fi òòlù kékeré gbá ibi tó ti dógùn-ún, ó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fà lọ gé ní Ọjọ́bọ̀ ló ń kùn. Kàfáyàt kí i lédè òyìnbó, ó lọ sídìí jẹnẹrétọ̀, ó yọjú wò ó, ó sì ń ráhùn fún ara rẹ̀ ní Yorùbá pé ẹ̀rọ yìí ti kú, wọ́n kàn kùn ún ni.

“Kò tíì kú,” ni bàbá náà wí lẹ́yìn rẹ̀, ní Yorùbá Èkó ayé àtijọ́. “Epo ni kò rí mu.”

Kàfáyàt kúnlẹ̀ lórí irin gbígbóná láìronú. Bàbá bi í léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó ní ọmọ Ògúnjọbí ni òun, ti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bàbá bi í pé Ògúnjọbí wo. Ó ní Ṣùáíbù, akọ̀wé, tó ti di olóògbé. Òòlù dúró. Ó béèrè ìyá rẹ̀, Kàfáyàt ní Raliat ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n ṣì wà láyé. Ó béèrè oṣù tí wọ́n bí i. Ó ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1945.

“Ìwọ ni oyún yẹn nígbà náà,” ni bàbá wí. “Èmi ni Làmídì.”

Nílé wọn, òkú ni Làmídì. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Kàfáyàt, òun sì ni ọkọ àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ fẹ́, tó bógun lọ nínú omi. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe sàráà fún un. Àwọn àgbà ní òkú ọdún mẹ́ta ti kúrò ní àlejò ọ̀run. Ti Làmídì ti lé ní àádọ́ta. Ó yẹ kí Kàfáyàt pariwo, ó yẹ kó sá. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, irin ń jó o lórúnkún, ó ń wo ọwọ́ bàbá náà tó kún fún ọ̀dà, kò sì mọ ohunkóhun lára.

Làmídì ròyìn ọkọ̀ náà fún un bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kò gbóhùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní ọdún 1943 ni wọ́n kàn án tán ní Skọ́tíláǹdì, wọ́n sì fi orúkọ odò kan sọ ọ́, Ardlow. Àwọn ọmọ Èkó mẹ́rin tó wà nídìí iná ẹ̀rọ rẹ̀ kò rí ẹnu pe ìyẹn, ni wọ́n bá ń pè é ní Alárìnká, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa rìn káàkiri ojú òkun, kó máa dáàbò bo àwọn ọkọ̀ ọlọ́jà tí ń lọ ní ọ̀wọ́. Lókè, wọ́n ń wọ ṣòkòtò kúkúrú funfun tí wọ́n lọ̀ gúnrégé. Nísàlẹ̀, ìbàntẹ́ ni, nítorí ooru ibẹ̀ ń bó èèyàn lára.

Ní oṣù kejì ọdún 1944, àwọn Jámánì ká ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan mọ́ wọn lọ́wọ́ nítòsí Fìrítáùn. Ọkọ̀ mẹ́ta rì láàárín òwúrọ̀ kan. Alárìnká ń yí ká, ó ń ju àdó olóró sómi, ó sì ń gba àárín àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá, torí àṣẹ ni pé kò gbọdọ̀ dúró. Ìsàlẹ̀ ni Làmídì wà. Kò rí wọn. Ó kàn ń gbọ́ tí nǹkan ń kan ara irin. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ohun kan ti dákẹ́ nínú òun, òun kò sì wá a mọ́.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n tú ìbọn lára rẹ̀, wọ́n tà á. Ó di ọkọ̀ tí ń kó àwọn onímọ̀le láti Súwéèsì lọ sí Hájì. Ó di ọkọ̀ àgùntàn láàárín Bábérà àti Jídà. Nígbà tí Íráànì àti Ìráàkì ń jà, ó di ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ lójú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ń kun ọ̀dà lé ọ̀dà, àmọ́ bí èèyàn bá fi ìka wá a nídìí ọkọ̀, yóò bá lẹ́tà orúkọ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ni ín ń yí padà, Làmídì kò yí padà. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ni yóò bá a níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n tà á mọ́ ọn.

Kàfáyàt bi í pé kí ló dé tí kò wálé. Ó ní òun wá. Lọ́sẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn rì, ó mọ̀ pé ìròyìn rẹ̀ yóò dé Èkó, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Sàró tó ń tẹ wáyà ní Fìrítáùn, pé kó bá òun sọ fún wọn nílé pé àwọn ti gúnlẹ̀. Nítorí ogun, wọn kò gbà ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Òyìnbó tó ń yẹ wáyà wò kò gbọ́ Yorùbá, ó rò pé ìkíni ni. Lẹ́yìn náà ni Alárìnká gba ìhà àríwá lọ, kò sì rí Èkó mọ́ títí di oṣù kẹfà ọdún 1945. Làmídì wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ra sálúbàtà pupa kan dání fún ìyàwó rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn láti etí omi dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Láti òdì-kejì títì ló ti rí Raliat. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ṣùáíbù, ó ń fẹ́ ìrẹsì, oyún hàn lára rẹ̀ kedere, fìlà Ṣùáíbù sì wà lórí ìṣó lókè orí rẹ̀. Làmídì kò pè é. Ó padà sínú ọkọ̀.

“Wọ́n gba wáyà mi,” ló wí. “Wọ́n mọ̀ pé mo wà láyé, wọ́n wá ṣe é bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá, wáyà ikú ni wọ́n gbà.”

Ó ní irọ́ ni. Kàfáyàt ní kì í ṣe irọ́. Ó mọ wáyà náà sórí bí ẹni mọ Fátíhà, torí pé wọn kì í ṣe sàráà Làmídì láìkà á. Ó kà á bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń kà á.

“Ọkọ̀ ti rì. Ilé Làmídì.”

Làmídì ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó sì ṣàlàyé bó ṣe yé wọn nílé: pé ọkọ̀ ti rì, pé ilé Làmídì ni kí wọ́n mú wáyà náà lọ. Àmì ohùn kì í sí lórí wáyà. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: OKO TI RI ILE LAMIDI.

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀.

“Ọkọ̀ ti rí ilẹ̀,” ló wí. “Làmídì. Orúkọ mi ni mo fi kádìí ẹ̀.”

Àwọn méjèèjì wá ń sọ ọ́ síra wọn létí, rì, rí, ilé, ilẹ̀, bí ọmọ ilé kéú tó ń kọ́ álífù. Ọmọ Índíà náà yọjú wò wọ́n, ó ṣèbí wọ́n ń ná ọjà ni, ó padà. Nígbà tó yá, Làmídì mú òòlù rẹ̀. Ó ní gbogbo èyí kò yí nǹkan kan padà, nítorí Ṣùáíbù mọ̀wé. Ọmọ iléèwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni, ó mọ àmì ohùn bí ẹní mowó. Ó mọ̀wé ju kó rí ojú kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá ka ikú síbẹ̀, ikú ló fẹ́ kà.

Ó ní ní Ọjọ́bọ̀ òun yóò bá ọkọ̀ náà lọ sí Pakísítánì. Wọ́n nílò ẹni mélòó kan tí yóò máa wo okùn lójú ọ̀nà. Kàfáyàt bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bàbá, ilé làbọ̀ sinmi oko.”

“Bó o bá fi ìyẹn tẹ wáyà,” ni bàbá dáhùn, “oko wo ni wọ́n máa kà?”

Kàfáyàt kò ra jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ó wọ táksí àjọwọ̀ padà sí Déírà. Asiat, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè nínú yàrá wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní ìjọba ilẹ̀ yìí ti kéde ìdáríjì fún gbogbo ẹni tí kò níwèé, pé kí wọ́n máa lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ẹ̀wọ̀n. Ó ní, “Alhaja, bàbá yẹn ò ní stamp kankan níbì kankan láyé yìí. Àsìkò yìí ló lè délé. Tó bá fi bá ọkọ̀ yẹn lọ Pakistan, khalas, ẹ ò rí i mọ́ nìyẹn.” Kàfáyàt ní òun mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó lọ pe Èkó nínú búùtù tẹlifóònù. Ní Èkó, ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò ni tẹlifóònù wà, wọ́n ní láti lọ mú ìyá rẹ̀ wá. Raliat ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Kàfáyàt sọ ohun gbogbo fún un, ó sọ ọ̀nà méjèèjì tí wáyà náà ní. Káàdì tẹlifóònù ń jẹ lọ.

“Gbé ohùn ẹ̀ wá fún mi,” ni ìyá sọ níkẹyìn. “Ìwé ti tó.”

Kàfáyàt wá bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kó sùn mọ́jú: ṣé bàbá òun mọ̀? Bó bá mọ̀, a jẹ́ pé ìyàwó oníyàwó ló fi bí òun, pé láàárín àádọ́ta ọdún tí òun fi ń jẹ́ ọmọ ilé náà, ọmọ ohun tí wọ́n jí ni òun. Ẹ̀rù ìdáhùn náà bà á débi pé ó fẹ́ gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní lọ́jọ́ tí wáyà náà dé, Ṣùáíbù fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ó pa á rẹ́, ó tún un sàmì, títí pépà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ó ń wá bí òun ṣe máa kà á tí kò fi ní jẹ́ ikú. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni “Ọkọ̀ ti rí ilé Làmídì,” ìyẹn kò sì nítumọ̀ létí ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ wo ló ń rí ilé ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó? Síbẹ̀, ó wọ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò lọ síbi iṣẹ́. Etí omi ló lọ dúró sí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró níbẹ̀, tó ń wò bóyá ọkọ̀ kan ń bọ̀ tó ń wá ilé Làmídì. Lọ́jọ́ kẹta ó wálé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe Lèmọ́mù.

“Mo rò pé orí ẹ̀ ti dàrú ni,” ni Raliat wí.

Lọ́jọ́ Ajé, Kàfáyàt padà sí Ṣárjà, ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ dání, ó sọ ọ́ fún Làmídì bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ gan-an. Bàbá kò dáwọ́ dúró. Búrọ́ọ̀ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

“Ọjọ́ mẹ́ta?”

“Ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá.”

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà padà. Kò sọ pé òun ń lọ, kò sọ pé òun kò lọ mọ́. Kàfáyàt dúró títí oúnjẹ fi tutù, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti pàdánù rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, hold-up gidi kan dá táksí rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà Ṣárjà, nígbà tó fi débẹ̀ ààyè Alárìnká ti ṣófo. Omi tó kù síbẹ̀ kún fún epo àti èèpo àlùbọ́sà. Ọkọ̀ náà wà lọ́nà jíjìn, aláwọ̀ eérú, tọ́ọ̀gì ń fà á lọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n fokùn sí lọ́rùn. Kàfáyàt dúró síbẹ̀. Ó gbìyànjú láti ro ohun tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Nígbà tó yíjú padà ló rí i. Làmídì wà nídìí irin kúkúrú tí wọ́n máa ń so okùn ọkọ̀ mọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́, àpótí onípákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń kun irin náà. Ó ní ọ̀dà ló ṣẹ́ kù, òun kò fẹ́ kó ṣòfò. Ó kùn ún yí po, ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì nu etí agolo, ó dé e.

“Ṣùáíbù ṣì í kà ni,” ló wí. “Kò ṣìkà.”

Kàfáyàt jókòó sórí àpótí náà, ó sunkún bí ọmọdé, ìborùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kò sì gbé e. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún dùn ún, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Làmídì dúró tì í. Òun kò sunkún. Ó ní òun ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Wọ́n wá ibùsùn fún un lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin kan nínú ilé kan náà ní Hor Al Anz, Asiat sì tò lórí ìlà nítorí ìwé ìdáríjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Làmídì kò gbà láti pe Èkó. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ náà bá ìrìn rẹ̀ dé ná. Kàfáyàt ní kí òun fi fáàsì ránṣẹ́ ṣáájú, kí jìnnìjìnnì má baà bo ìyá òun, òun yóò fi gbogbo àmì sí i, òun kò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀. Bàbá ní rárá, pépà kì í gbọ́ ohùn.

Ní Àbámẹ́ta, ọmọ Índíà náà pe ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn. Ìjì òkun ti ká wọn mọ́ lẹ́yìn Fùjáírà, okùn já, omi gba ibi tí irin ti jẹ wọlé. Àwọn méjì tó wà lórí rẹ̀ ti fò sínú tọ́ọ̀gì ní àlàáfíà. “Jahaz khatam, Baba,” ló wí, pé ọkọ̀ ti parí. Làmídì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wẹ̀, ó kírun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó ní ó yá kí wọ́n lọ.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta gba gíláàsì búùtù náà, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wọn tí wọ́n ń dúró de tiwọn. Kàfáyàt ki káàdì bọ̀ ọ́, ó tẹ nọ́ńbà, ó dúró títí wọ́n fi mú ìyá rẹ̀ wá, ó sì gbé tẹlifóònù lé bàbá lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tín-ín-rín láti inú rẹ̀, tó ń béèrè pé ta ni.

Làmídì nà ró. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ, ó gbé e sílẹ̀ níbi tó yẹ.

“Ọkọ̀ ti rí ilẹ̀,” ló wí. “Làmídì.”

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wọn fi ìka kan gíláàsì, ó ní yalla, kí wọ́n ṣe kíá. Kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀.

“Ọkọ̀ yín náà ńkọ́?” ni Raliat béèrè.

“Ó ti rì.”

“A ti gbọ́,” ni ìyá wí. “Ó pẹ́ tí a ti gbọ́.”